Ọgbà Ìyeyè Tí N Kò Fà Tu

Òórùn èèpo igi ìyeyè tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ gé kan díẹ̀, ó sì tutù, bí ìgbà tí ènìyàn bá fọ́ èso tí kò tíì pọ́n sábẹ́ imú. Níbikíbi tí ọjà bá gbé mi dé tí mo ti gbọ́ òórùn yìí, ọkàn mi á padà sí Ẹ̀pẹ́, sí ilẹ̀ oníyanrìn tí ó rọra dà lọ sí etí ọ̀sà, níbi tí afẹ́fẹ́ ti máa ń gbé èéfín ẹja yíyan wọ inú ilé gbogbo wa láìkan ilẹ̀kùn. Àwọn mìíràn máa ń sọ pé òórùn ẹja ni ó ń rán àwọn létí Ẹ̀pẹ́. Ní tèmi, igi tútù ni.

Ìwọ tí a jọ sá kúrò ní Èkó, o mọ ohun tí ojú wa rí kí a tó dé ibẹ̀. N kò ní sọ púpọ̀ nípa rẹ̀. Ti ọgbà ilé ọkọ mi nìkan ni mo gbọ́dọ̀ sọ kí ìyókù lè yé ọ. Ọgbà gíga ni, ọ̀pá igi ògùrọ̀ gbígbẹ ni a fi so ó mọ́ra, ilẹ̀kùn kan ṣoṣo ni ó sì ní. Ní ọjọ́ tí ọkọ̀ ogun àwọn Gẹ̀ẹ́sì yin àgbá lu ìlú, iná bọ́ sí orí ọgbà náà láti ilé kejì, ó sì ń sáré lọ lórí rẹ̀ bí ẹni tí a rán níṣẹ́ kíákíá. Kí a tó mọ̀, ilẹ̀kùn ti ń jó. Ọkọ mi fi ẹsẹ̀ fọ́ ibi kan tí iná kò tíì dé, ó ti èmi àti ìyá rẹ̀ gba ihò náà jáde, ó sì padà lọ mú ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tí ń ké nínú yàrá. Àwọn méjèèjì kò jáde.

Báyìí ni ó ṣe jẹ́ pé èmi àti ìyá ọkọ mi nìkan ni a dé Ẹ̀pẹ́, pẹ̀lú aṣọ ara wa àti ìkòkò kan tí ìyá náà gbá mọ́ àyà láìmọ̀ pé òun gbé e. Àgbàlagbà Ìjẹ̀bú kan ni onílẹ̀ tí ó fún wa ní ibi tí a kọ́lé sí. Irun rẹ̀ ti funfun, ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò pọ̀, ó sì máa ń wo ẹsẹ̀ ènìyàn kí ó tó wo ojú rẹ̀, bí ẹni tí ó fẹ́ mọ ibi tí o dúró sí. Ó ní, “Ẹ kọ́lé. Ẹ gbin àgbàdo, ẹ gbin ẹ̀fọ́. Ẹ má gbin igi.” Kò sí ẹni tí ó béèrè ìdí rẹ̀. Àgbàdo a máa kú lọ́dún tí a gbìn ín, ẹni tí ó gbìn ín náà sì lè di ẹrù rẹ̀. Igi ní tirẹ̀ yóò dúró, yóò máa jẹ́rìí, nígbà tí ọmọ àlejò bá sì dàgbà, yóò nawọ́ sí i pé bàbá òun ni ó gbìn ín. Láti ìgbà ìwáṣẹ̀ ni àwọn onílẹ̀ ti ń sọ ọ̀rọ̀ yìí fún àlejò, n kò sì bínú sí i.

Ẹja yíyan ni a fi ń jẹun. Rò ó wò ná: iná tí ó jẹ ilé mi ni mo tún ń fi ọwọ́ ara mi bọ́ lójoojúmọ́. Mo máa ń gbé ìkòkò omi ti ààrò kọ̀ọ̀kan. Bí ààrá bá sán, mo ti dìde kí n tó mọ̀ pé ààrá ni. Ẹrù mi kan wà ní dídì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn nígbà gbogbo, ìyá ọkọ mi á sì máa fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé, “Ìyàwó mi, ṣé òní ni à ń lọ ni, àbí kí n fi ẹ̀wà síná?” Síbẹ̀, n kì í tú ẹrù náà.

Ní ọyẹ́ ọdún kan, afẹ́fẹ́ ọ̀sà gbé ìpẹ́pẹ́ iná láti ààrò obìnrin kan lọ sórí òrùlé aládùúgbò rẹ̀. A pa á kí ó tó ràn, ṣùgbọ́n àwọn àgbà àdúgbò péjọ, wọ́n sì pàṣẹ pé ẹnikẹ́ni tí ó bá ń yan ẹja ní gbangba gbọ́dọ̀ sọgbà yí ààrò rẹ̀ ká kí ọyẹ́ mìíràn tó dé, bí kò bá ṣe bẹ́ẹ̀, kí ó pa iná rẹ̀. Ìdájọ́ tí ó tọ́ ni. Àwọn obìnrin yòókù ra ọ̀pá ògùrọ̀, láàárín ọjọ́ mélòó kan ọgbà gbígbẹ ti dúró káàkiri. Mo mọ̀ pé bí mo bá sọ irú rẹ̀ yí ara mi ká, n kò ní sùn nínú ilé náà. Bí n kò bá sì sọgbà, kò sí iná, kò sí ẹja, ebi ni yóò pa èmi àti ìyá ọkọ mi.

Ìkòròdú ni mo ti rí ohun tí mo ń wá. Mo gbé ẹja lọ tà níbẹ̀, mo sì rí àgbàlá oníṣu kan tí a sọ ọgbà igi tútù yí ká, òpó tí ó nípọn tó apá ọkùnrin, tí wọ́n fara kanra, tí ewé sì bò wọ́n lórí. Mo fi èékánná ha èèpo rẹ̀, omi yọ. Mo dúró níbẹ̀ pẹ́ títí oníṣu fi bi mí bóyá mo sọ nǹkan nù. Mo bi í pé ta ni ó sọ ọgbà náà. Ó ní ọkùnrin Ìjẹ̀dé kan ni, pé kí n má ṣèyọnu láti wá a, òun yóò rán an sí Ẹ̀pẹ́, ẹnu rẹ̀ yóò sì ṣáájú rẹ̀ dé.

Òótọ́ ni. Láti inú ọkọ̀ ojú omi ni asọgbà náà ti ń kí gbogbo etí ọ̀sà. Ọkùnrin gíga ni, ó jù mí lọ lọ́jọ́ orí díẹ̀, okùn kan sì wà ní èjìká rẹ̀ tí ó fi ń wọn ilẹ̀.

Ó ní, “Ìyá Èkó, èmi nìyí. Ewúrẹ́ tí ó bá rí ọgbà mi, ó máa ń kí i kí ó tó yà.”

Ìyá ọkọ mi dá a lóhùn láti ìdí ààrò pé, “Kí ọgbà náà kọ́kọ́ dúró ná, kí ewúrẹ́ tó kí i.”

Ó fi orí okùn kan lé ìyá náà lọ́wọ́, ó di orí kejì mú, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í wọn ilẹ̀. Ó kan èèkàn kékeré mọ́ igun kọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn náà ó jókòó, ó mu omi, ó ní ògùrọ̀ ni òun yóò lò, pé ó yá, ó sì dára lójú.

Mo ní, “N kò fẹ́ igi gbígbẹ.”

“Igi tútù wúwo.”

“Kí ó wúwo. Igi tí iná yóò kọ̀ ni mo ń wá. Irú èyí tí ẹ sọ fún oníṣu ní Ìkòròdú.”

Ó gbé igbá omi sílẹ̀. Ohùn rẹ̀ sì wálẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ìgbà tí ó ti dé. “Ìyeyè nìyẹn. Oníṣu yẹn ni ó ni ilẹ̀ rẹ̀. Ṣé onílẹ̀ tiyín gbọ́?”

“Ọgbà ni mo fẹ́ sọ. N kò gbin igi.”

“Ìyeyè kò mọ ìyàtọ̀, Ìyá Èkó. Ẹ rì í mọ́lẹ̀ lónìí, bí òjò bá rọ̀, ó di igi.” Ó wá ṣàlàyé bí wọ́n ti ń ṣe é ní ọ̀dọ̀ wọn bí àlejò bá fẹ́ igi tútù: wọn a dorí òpó náà kodò. Ìdí rẹ̀ ni yóò wà lókè, orí rẹ̀ ni a ó rì sínú ilẹ̀, kì í sì í hù. Onílẹ̀ tí ó bá ń kọjá yóò rí i pé ibi tí ó nípọn ni ó wà lókè, yóò sì mọ̀ pé àlejò náà mọ ààyè ara rẹ̀.

Mo wo òpó kan tí ó gbé wá fún àpẹẹrẹ. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ tọ̀nà, mo sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Obìnrin tí ó ní ọgbọ́n orí ì bá gbà. Èmi náà ti gba ọ̀pọ̀ nǹkan láti ìgbà tí a ti dé, mo ti gba ibi tí wọ́n ní kí n máa pọn omi, ibi tí wọ́n ní kí n jókòó sí lọ́jà, àti bí wọ́n ti ń pe orúkọ mi. Ṣùgbọ́n nǹkan kan dìde nínú mi tí n kò mọ̀ pé ó ṣì wà níbẹ̀.

Mo ní, “Àwa fúnra wa ti dorí kodò wọ ìlú yìí. Ó tó. Orí igi mi yóò wà lókè.”

“Ẹ̀rù kò bà yín?”

“Ẹ̀rù ń bà mí. Ẹ rì í bí mo ti wí.”

Ó tún jiyàn lórí ilẹ̀kùn, nítorí mo ní ọ̀kan yóò kọjú sí ọ̀nà, ọ̀kan yóò sì kọjú sí ọ̀sà. Ó ní, “Ọgbà kékeré báyìí, ilẹ̀kùn méjì? Ta ni ẹ ń sá fún?” Kí n tó lanu, ìyá ọkọ mi ti fèsì, kò sì fi ṣàwàdà lọ́tẹ̀ yìí. Ó ní, “Ẹni tí ó bá ti inú iná jáde rí kì í béèrè ìdí ilẹ̀kùn kejì. Ṣe é.” Ọkùnrin náà wo ojú ìyá, ó sì kan èèkàn ilẹ̀kùn kejì mọ́lẹ̀.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ òjò ni ó parí iṣẹ́. Ọgbà náà dára. Ó fi àdá gé orí òpó kọ̀ọ̀kan ní ìdàgẹ̀rẹ̀ kí omi má baà dúró lé e, ó sì fi okùn ìko so wọ́n mọ́ra débi pé ọwọ́ ọmọdé kò lè gba àárín wọn kọjá. Afẹ́fẹ́ ọ̀sà á kọlù ú, á sì dákẹ́. Mo dáná sí ààrò mi ní ọjọ́ náà, mo jókòó tì í, mo sì rí i pé èjìká mi ti wálẹ̀. N kò mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé sókè ni mo máa ń gbé e.

Lẹ́yìn òjò bí ẹ̀ẹ̀mẹ́ta, òpó náà rú ewé. Èyí tí ó kọjú sí ilé wa ni ó kọ́kọ́ yọ, ewé kékeré pupa rúsúrúsú. Lẹ́yìn náà ni èyí tí ó kọjú sí ọ̀nà onílẹ̀ yọ tirẹ̀, ṣùgbọ́n wíwọ́ ni wọ́n wọ́ láti ẹ̀gbẹ́, wọ́n tẹ̀ sísàlẹ̀ díẹ̀ kí wọ́n tó gbójú sókè, bí ẹni tí ó fi ẹ̀yìn dìde nílẹ̀. Mo rò pé oòrùn ni ó fà á.

Onílẹ̀ dé ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, pẹ̀lú ọ̀pá rẹ̀. Ó wo ẹsẹ̀ mi, lẹ́yìn náà ó wo ẹsẹ̀ ọgbà. Mo kúnlẹ̀ kí i.

Ó ní, “Kí ni mo wí fún yín lọ́jọ́ tí ẹ dé?”

“Ẹ ní kí a má gbin igi, Bàbá.”

“Kí wá ni èyí?”

“Ọgbà ni, Bàbá.”

Ó fi orí ọ̀pá kan ewé kan. “Ọgbà a máa léwé?”

“Èyí léwé.”

Àwọn ènìyàn ti ń péjọ. Ó ní kí wọ́n lọ pe asọgbà, tí ó ń ṣiṣẹ́ ní agboolé kejì. Ọkùnrin náà dé, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja, kò sì dìde kí ó tó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀. “Bàbá, ẹ má bínú sí mi. Gbogbo èyí tí ó kọjú sí ọ̀nà yín ni mo dorí rẹ̀ kodò nígbà tí Ìyá Èkó lọ sọ́jà. Ẹ wò ó, ibi tí ó nípọn ni ó wà lókè. Ohun tí bàbá mi fi kọ́ mi ni pé kì í hù. Bí igi bá wá ń fi ẹsẹ̀ ronú, Bàbá, ẹ̀bi ta ni?”

Àwọn ènìyàn rẹ́rìn-ín. Mo rí i tí ètè onílẹ̀ mì díẹ̀. Èmi kò rẹ́rìn-ín. Inú ti kọ́kọ́ bí mi pé ó ṣe ohun tí mo ní kí ó má ṣe, ṣùgbọ́n nígbà tí mo tún wo àwọn òpó náà, ìbínú náà yí padà di nǹkan mìíràn. A ti dorí wọn kodò kí wọ́n lè kú, wọ́n sì wá ọ̀nà gba ẹ̀gbẹ́ jáde.

Onílẹ̀ kọjú sí mi, ó ní, “Kí o fà á tu kí oòrùn tó wọ̀. Gbogbo rẹ̀.”

Orí ìkúnlẹ̀ ni mo ti dá a lóhùn.

“Bàbá, ẹ̀yin ni ẹ ni ilẹ̀. Níwájú gbogbo àwọn tí ó dúró yìí ni mo fi wí i. Bí igi yìí bá so, kí àwọn ọmọ yín gbé agbọ̀n wá kó èso rẹ̀, èmi kò ní jẹ ọ̀kan àyàfi tí ẹ bá fún mi. Ṣùgbọ́n ọwọ́ mi kò ní fà á tu, n kò sì ní yá ẹnikẹ́ni ní ọkọ́ láti fi hú u. Ọgbà gbígbẹ ni ó sun ọkọ mi. N kò ní jókòó sínú òmíràn.”

“Bí mo bá ní kí o kúrò lórí ilẹ̀ mi ńkọ́?”

“N ó di ẹrù mi. Mo ti mọ̀ ọ́n dì. Ọgbà náà yóò wà níbí, ẹ ó sì máa kọjá lára rẹ̀ lójoojúmọ́.”

Ìyá ọkọ mi wá pe láti inú èéfín pé, “Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, bí ẹ bá máa lé wa, kó má jẹ́ òní. Ẹja wà lórí iná.”

Àwọn ènìyàn tún rẹ́rìn-ín. Onílẹ̀ kò rẹ́rìn-ín. Ó na ọwọ́ gba àdá asọgbà, ó lọ sí òpó igun tí ó wà létí ọ̀nà, ó sì gé e lulẹ̀ níbi tí ó tó orúnkún ènìyàn. Ó ní, “Èyí ni kí àwọn yòókù máa wò.” Ó dá àdá padà, ó sì lọ. Kò sọ pé kí n dúró, kò sì sọ pé kí n lọ. Títí tí òjò ọdún náà fi tán, bí mo bá gbọ́ ìró ọ̀pá rẹ̀ lọ́nà, mo máa ń dúró láìmí. Kùkùté tí ó gé náà yọ ọ̀mùnú méjì níbi tí ọ̀kan ti wà tẹ́lẹ̀. N kò fi ọwọ́ kàn án. Mo kàn ń da omi ìfọwọ́ mi sí ìdí rẹ̀ ni.

Ọdún díẹ̀ lẹ́yìn ìyẹn ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì gba ọba wa tí a tẹ̀ lé wá sí Ẹ̀pẹ́ láyè láti padà sí Èkó, ọ̀pọ̀ nínú yín sì bá a lọ. O rántí pé o bi mí ìdí tí n kò fi bọ́ sínú ọkọ̀. Mo ní ìyá ọkọ mi ti dàgbà, kò lè rin ìrìn àjò mọ́. Irọ́ kọ́ ni, ṣùgbọ́n kì í ṣe òun nìkan. Mo ti sọ níwájú ènìyàn pé n kò ní fa nǹkan kan tu. N kò mọ bí ènìyàn ti ń sọ bẹ́ẹ̀ tán kí ó wá fa ara rẹ̀ tu.

Lẹ́yìn tí ẹ lọ ni ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì wá sí Ẹ̀pẹ́ fúnra rẹ̀. Nígbà tí àgbá àkọ́kọ́ dún, n kò dúró rò ó. Mo gbé ẹrù tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn, mo fa ìyá ọkọ mi lọ́wọ́, a gba ilẹ̀kùn ọ̀sà jáde sínú ọkọ̀ apẹja, a sì fara pamọ́ sínú eèsún títí ìró náà fi dákẹ́. Iná wọ ìlú. N kò ní pa irọ́ fún ọ pé ọgbà mi gba ilé mi là. Òkè ni iná gbà wá, òrùlé mi jó bíi ti ẹlòmíràn, ààrò mi sì fọ́.

Nígbà tí a padà, eérú ni ó bo gbogbo ilẹ̀. Ọgbà gbígbẹ kò kù ẹyọ kan, ògiri wó lu ara wọn, kò sì sí ẹni tí ó mọ ibi tí ilẹ̀ òun parí sí. Àwọn tí wọ́n ti jọ ń jẹun tẹ́lẹ̀ dúró lórí eérú, wọ́n ń jiyàn. Àwọn òpó ìyeyè mi nìkan ni ó dúró. Wọ́n dúdú bí ìdí ìkòkò, ewé wọn ti jó dànù. Mo fi èékánná ha ọ̀kan, bí mo ti ṣe ní Ìkòròdú. Omi yọ.

Onílẹ̀ wá ní ọjọ́ tí òjò kọ́kọ́ rọ̀. Ó ti gbó sí i, àwọn ọmọ rẹ̀ tẹ̀ lé e, wọ́n sì mú okùn gígùn lọ́wọ́. Ó ń wá ààlà ilẹ̀ ìdílé rẹ̀. Ó wo eérú síwájú, ó wo ẹ̀yìn, ó wá rìn lọ sí igun, sí ìdí kùkùté tí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ gé, tí ó ti di igi ẹlẹ́ka méjì. Ó dúró tì í.

Ó ní, “Ẹsẹ̀ mẹ́wàá sí ojú ọ̀nà wa ni èyí wà nígbà yẹn, àbí?”

Mo ní, “Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá.”

Ó so orí okùn kan mọ́ igi náà. Ó wo ẹsẹ̀ mi, lẹ́yìn náà ó wo ojú mi, ó sì na orí kejì sí mi. Ó ní, “Di eléyìí mú.”

Mo dì í mú. Láti ibẹ̀ ni a ti wọn ilẹ̀ ìdílé rẹ̀ jáde, àti ti aládùúgbò rẹ̀, àti ti ẹni tí ó tẹ̀ lé e, títí tí àwọn tí ń jiyàn fi panu mọ́. Mo gbọ́ pé asọgbà náà ń sọ káàkiri Ìkòròdú báyìí pé òun nìkan ni ó mọ bí a ti ń dorí ìyeyè kodò kí iná má lè pa á. Jẹ́ kí ó máa sọ ọ́.

Ẹ̀rù ṣì ń bà mí. Ẹrù mi ṣì wà ní dídì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn, bí ààrá bá sì sán, mo ti dìde. Tẹ́lẹ̀, mo rò pé ìgbà tí ẹ̀rù bá kúrò lára ènìyàn ni yóò tó lè sọ pé rárá. Ó ti yé mi báyìí pé àwọn méjèèjì lè jọ gbé inú ilé kan, kí wọ́n máa jẹun nínú àwo kan. Ní ìgbà ìyeyè, àwọn ọmọ ọmọ onílẹ̀ máa ń gbé agbọ̀n wá, wọn a kó èso tí ó bọ́ sílẹ̀, bí mo ti ṣèlérí. Kí wọ́n tó lọ, èyí tí ó dàgbà jù nínú wọn a máa bu ẹ̀kún ọwọ́ kan fún mi láìjẹ́ pé mo béèrè, a sì wí pé, “Bàbá ní kí ẹ jẹ nínú igi yín.”